Etí Aṣọ Ìyá Tèmilọlá

Bí ẹ bá wá sí àgbàlá wa l'Ówu lónìí, tí ẹ sì sọ fún mi pé gbogbo nǹkan yóò dára, mi ò ní bá yín jà. Màá fún yín ní àga, màá bu omi fún yín mu, ṣùgbọ́n ẹ má retí àmín lẹ́nu mi. Mo ti ṣe àmín tó láyé mi, mo sì mọ ohun tó ti ìdí ẹ̀ yọ. Asiata ni orúkọ mi, ìyá Muideen làwọn èèyàn ń pè mí. Aládìrẹ ni mí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí jẹ mọ́ ọ̀gá mi, Ọdúnayọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní ìyá Tèmilọlá. Ìyá Tèmilọlá kò ríran mọ́. Àìsàn ló fọ́ ọ lójú, ṣùgbọ́n èmi ni mo bá àìsàn náà tilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun tó ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí, nítorí inú iṣẹ́ yẹn ni mo ti ṣẹ̀. Àdìrẹ alábẹ̀là là ń ṣe. A ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì gígùn, yáàdì márùn-ún márùn-ún, a ó yọ́ àbẹ̀là sínú ìkòkò kékeré lórí iná. A ó wá mú fóòmù tí a ti gé ní àwòrán, a ó kì í bọ àbẹ̀là, a ó sì máa fi tẹ òǹtẹ̀ sára aṣọ, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, títí a ó fi dé etí rẹ̀. Ibi tí àbẹ̀là bá wà, aró kò ní lè wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó rẹ aṣọ sínú aró, a ó sá a sórí àpáta kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, a ó sì fi omi gbígbóná bọ àbẹ̀là kúrò. Bí ẹ bá gbàgbé ìlà kan, aṣọ kò ní bá yín bò ó. Ibi tí ẹ fò yẹn á dúdú lásán, gbogbo ọjà Ìtòkú á sì rí i.

Ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn ni ìyá Tèmilọlá kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Ọkọ mi ti lọ wá iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò nígbà náà, ó rí iṣẹ́, èmi ni kò rí mọ́. Mo wà nílé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Onígbàgbọ́ ni ìyá Tèmilọlá, Mùsùlùmí ni mí, a kì í ṣe ẹbí, ṣùgbọ́n ó ní kí n wá jókòó sí àgbàlá òun kí n máa wo ọwọ́ òun. Ọwọ́ tó ṣeé wò sì ni. Òǹtẹ̀ rẹ̀ kì í wọ́, ìlà rẹ̀ kì í sún, etí aṣọ rẹ̀ sì máa ń kún dáadáa débi pé àwọn oníbàárà máa ń ṣí etí wò kí wọ́n tó wo àárín. Bí ọmọṣẹ́ kan bá tẹ ìlà tó wọ́, kò ní bú u. Á kàn gba aṣọ náà, á ní, "Wò ó, kò dáa, tún un ṣe." Bó ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn.

Ní nǹkan bí ọdún méjì àtààbọ̀ sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu nǹkan. Á ta báàfù omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù, á wá máa bínú pé ta ló gbé e síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni báàfù náà ti ń gbé láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ẹ óò kí i láti ẹ̀gbẹ́, kò ní dáhùn. Tóyìn, tó kéré jù nínú àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ti rò pé ó ń bá òun yodì. Lọ́jọ́ kan tí èmi àti ìyá Tèmilọlá jọ ń bọ̀ láti Ìtòkú, ọ̀kadà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìró rẹ̀ lọ. Ọlọ́kadà náà dúró, ó bú wa dáadáa kó tó lọ. Ìyá Tèmilọlá di apá mi mú, ó ní òun kò rí i rárá, àfi bí ẹni pé ilẹ̀ ló hù ú jáde. Ẹ̀rù bà mí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ojú.

Dókítà Ògúnṣẹ̀san ló rí wa. Obìnrin ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í rẹ́rìn-ín láìnídìí. Ó ní kí ìyá Tèmilọlá gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, kó máa wo àmì kan láàárín, kó sì máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkigbà tí iná kékeré bá ṣẹ́jú láti ẹ̀gbẹ́. Mo dúró lẹ́yìn, mo ń rí àwọn iná náà, mo sì ń rí ọwọ́ rẹ̀ lórí bọ́tìnnì tí kò mira. Nígbà tí wọ́n parí, dókítà fa àga sún mọ́ wa.

"Mọ́mì, mi ò ní parọ́ fún yín," ló wí. "Gilokóòmà lorúkọ àìsàn yìí. Ó máa ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Èyí tó ti jẹ lọ kò ní padà mọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè dá a padà ń tàn yín jẹ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó kù, a lè dì í mú. Ẹ óò máa kán oògùn yìí sójú méjèèjì lójoojúmọ́, títí ọjọ́ ayé yín. Ọjọ́ tí ẹ bá dá a dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ò sì ní mọ̀, nítorí kì í dunni."

Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan bá wa sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Ó dà bíi pé ó fi ohun tó wà nílẹ̀ hàn wá, ó ní èyí ti bàjẹ́, èyí kò tíì bàjẹ́, ẹ di èyí mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó sínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ sílé, ìyá Tèmilọlá pòṣé.

"Ẹnu dókítà yẹn kò dáa," ló wí.

"Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ló ń sọ fún wa."

"Òótọ́ wo? Ṣé kò mọ̀ pé Ọlọ́run wà ni? Kò lè sọ pé yóò dára, kó tó máa sọ ìyókù?"

Síbẹ̀ ó lo oògùn náà. Ẹ má fi bú u, oṣù méje gbáko ló fi lò ó láì fo ọjọ́ kan. Nítorí pé oògùn náà fẹ́ ibi tútù, iná kì í sì í dúró ládùúgbò wa, inú ife omi tútù ló máa ń gbé ìgò kékeré náà sí, á dé e, á sì pààrọ̀ omi rẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Nígbà tí a padà lọ, dókítà ní ojú náà kò tíì burú ju bó ṣe wà lọ. Ó ní ayọ̀ ńlá nìyẹn. Ìyá Tèmilọlá kò rí ayọ̀ kankan níbẹ̀. Kí ló dùn nínú pé nǹkan kò burú sí i? Ohun tó ń retí ni pé kí ojú òun tún mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Tèmilọlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wọ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ. Òṣíẹ̀lẹ̀ ló ń gbé, ó ń ta gààrí, ìndómì àti mílíìkì fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ọkùnrin kan wà lọ́hùn-ún tó máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sí gbọ̀ngàn kan, tó ń kọ́ wọn pé bí èèyàn bá ṣe ń rò ni ayé rẹ̀ ṣe máa rí. Tèmilọlá kì í pa ìpàdé náà jẹ. Ó máa ń fi ohùn ọkùnrin náà ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí Wáásáàpù, ní àárọ̀ kùtù, kí a tó fọ ẹnu.

Ó wá sí àgbàlá lọ́jọ́ Sátidé kan pẹ̀lú pátákó fífẹ́lẹ́ tó kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sí: OJÚ MI MỌ́ KEDERE. MO RÍ OHUN GBOGBO. Ó kan án mọ́ ògiri tó dojú kọ tábìlì ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rí i kà, nítorí àárín ojú rẹ̀ ṣì mọ́ nígbà náà.

"Mọ́mì, ẹ óò máa kà á síta láràárọ̀," ni Tèmilọlá wí. "Ẹ ò gbọ́dọ̀ tún sọ pé ojú ń ṣe yín. Ara máa ń gbọ́ ohun tí ẹnu bá ń sọ." Ó wá kọjú sí àwa yòókù. "Àǹtí Asiata, Tóyìn, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí kò dáa jáde nínú àgbàlá yìí."

A gbà. Kí ló dé tí a ò ní gbà? Bí a ṣe ń gbé láti kékeré nìyẹn. Òjò lè máa jò lé ẹ lórí nínú yàrá, bí wọ́n bá béèrè pé báwo ni, wàá ní a dúpẹ́. Ọmọ lè máa gbóná lẹ́yìn ẹ, wàá ní ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń pè é ní ìwà ọmọlúàbí. Kì í ṣe Tèmilọlá ló dá a sílẹ̀. Òun kàn kọ ọ́ sára pátákó ni, ó sì kàn án mọ́ ògiri.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Iléyá ni mo ṣe ohun tí mo ṣe. Ìyá Tèmilọlá tẹ aṣọ kan parí, ó kà á sí pé ó parí, ó sì lọ jẹun nínú ilé. Mo dé ìdí tábìlì láti gbé aṣọ náà lọ sínú aró, mo wá rí i pé ìlà méjì kù ní etí rẹ̀, ní apá òsì. Funfun ni ibẹ̀ wà gbayawu. Ìyá Tèmilọlá tí kì í fi etí aṣọ sílẹ̀, kò rí ibẹ̀ rárá. Tóyìn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun náà rí i. A wo ara wa, a wo pátákó tó wà lára ògiri. Mo mú fóòmù, mo kì í bọ àbẹ̀là, mo tẹ ìlà méjèèjì. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí ojú má ti ọ̀gá mi lójú Tóyìn. Mo fi Ọlọ́run búra, ohun tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kò ju ìyẹn lọ.

Lọ́jọ́ kejì, a sá aṣọ náà sórí àpáta. Ìyá Tèmilọlá gbé e súnmọ́ ojú, ó fi ìka tẹ̀ lé etí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Asiata, wò ó," ló wí. "Títí dé etí."

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n."

Ó jókòó ti aṣọ náà. Ó ní Tèmilọlá ti ń yọ òun lẹ́nu pé kí òun fi oògùn ojú sílẹ̀, pé gbogbo ìgbà tí òun bá ń kán an ni òun ń sọ fún ojú òun pé aláìsàn ni. Òun kò fẹ́ gbọ́ tí ọmọ òun, òun kò sì fẹ́ gbọ́ ti dókítà tí ẹnu rẹ̀ kò dáa. Iṣẹ́ òun ni òun fẹ́ gbọ́ tirẹ̀. Ó ní, "Bí ojú mi bá ń bàjẹ́, ara aṣọ ni mo ti máa kọ́kọ́ rí i. Aṣọ kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Wò ó bó ṣe kún."

Ẹnu mi ti là nígbà náà. Mo fẹ́ sọ pé, ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo tẹ ibẹ̀ yẹn. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ dùn, oṣù mélòó ni mo ti rí i kẹ́yìn pé inú rẹ̀ dùn báyẹn? Mo ní, "Yóò túbọ̀ máa dára sí i ni, lágbára Ọlọ́run." Òun àti Tóyìn ṣe àmín, èmi náà ṣe é. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti kán oògùn náà mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n, ẹ óò ní kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì, ó ti di irọ́ tí mo ní láti jẹ́wọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti di irọ́ méjì. Ìlà méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di ìdajì yáàdì. Nígbà tó yá, òǹtẹ̀ rẹ̀ ń gun ara wọn, ìlà rẹ̀ ń fì bíi ti ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Àwa sì ti mọ ọgbọ́n rẹ̀. Tóyìn á pè é síwájú ilé pé oníbàárà kan fẹ́ kí i, èmi á sáré tún aṣọ ṣe. Mo ti mọ ọwọ́ rẹ̀ débi pé mo lè tẹ aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ á búra pé òun ni òun tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí títúnṣe kò wá ṣeé ṣe mọ́, mò ń ká tirẹ̀ sábẹ́ tábìlì, mò ń fi tèmi rọ́pò. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i nígbà míì, èmi àti Tóyìn. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n a máa ń rẹ́rìn-ín.

Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Mo pe Tèmilọlá lórí fóònù, mo ní, "Ojú Mọ́mì ò dáa o. Iṣẹ́ tí wọ́n ń rí yẹn, àwa là ń tún un ṣe."

"Àǹtí, ẹ̀mí ìbẹ̀rù ló ń bá yín sọ̀rọ̀," ló wí. "Ẹ bá mi máa ràn wọ́n lọ́wọ́ ni, kí ìgboyà wọn má lọ. Ìwòsàn náà ti wà lọ́nà. Ẹ má bá Mọ́mì sọ ọ́, mo bẹ̀ yín."

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe burú tó: inú mi dùn pé ó kọ̀ fún mi. Mo gbé fóònù sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Mo ti sọ tèmi, wọ́n ní kí n má sọ ọ́, kí ló tún kù? Ó ku ojú ìyá Tèmilọlá, ìyẹn ló kù.

Lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ìyá Tèmilọlá ní kí n bá òun lọ, òun fẹ́ jẹ́rìí. Mo wọ híjáàbù mi, mo jókòó sẹ́yìn. Ó dìde, ó na aṣọ kan sókè, ó ní dókítà sọ pé ojú òun kò ní padà, ó ní kí gbogbo ìjọ wo ìlà òun, kí wọ́n wo etí aṣọ òun. Ìjọ hó yèè. Láti ìlà àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn, èmi ni mo tẹ aṣọ yẹn. Mo pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀ lọ sílé, ó di apá mi mú, ó ní nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọ gọ́tà. Mo fà á jáde, mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀nà yìí ló bàjẹ́." Ọ̀nà náà kò ṣe nǹkan kan.

Oṣù mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn tó fi oògùn sílẹ̀, lákòókò ọyẹ́, ó jáde sí àgbàlá ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Oòrùn ti ràn bo gbogbo àpáta. Ó dúró, ó gbé ojú sókè.

"Asiata, ṣé ọyẹ́ ló ṣú báyìí?"

Ó fi ọwọ́ wá tábìlì rẹ̀, ó rí i, ó na ọwọ́ ọ̀tún láti mú fóòmù, ó sì ki gbogbo ọwọ́ náà bọ inú ìkòkò àbẹ̀là tó ń hó. Igbe tó ké, mi ò ní lè gbàgbé rẹ̀. A bu omi lé e, àbẹ̀là sì dì mọ́ ọn lára bí ìbọ̀wọ́. Nígbà tí a bó o, awọ bá a jáde.

Wọ́n kọ́kọ́ wé ọwọ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n tó mú wa lọ sọ́dọ̀ Dókítà Ògúnṣẹ̀san. Tèmilọlá ti dé láti Òṣíẹ̀lẹ̀, ó dúró ti ògiri. Dókítà tan iná sójú ọ̀tún, ó tan án sójú òsì, ó tún padà sí ọ̀tún. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pa iná.

"Mọ́mì, ìgbà wo lẹ dá oògùn dúró?"

"Ó ti lé lọ́dún kan."

"Kí ló dé?"

"Ojú mi ti yá."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ti yá?"

"Iṣẹ́ mi ni mo fi mọ̀. Ọwọ́ mi kò yẹ̀ rí, títí di àná." Ó nawọ́ sí ibi tó rò pé mo wà, ibẹ̀ kọ́ ni mo wà. "Ẹ bi Asiata. Òun ló máa ń gbé aṣọ náà sínú aró."

Dókítà yíjú sí mi. Mo wo Tèmilọlá, ó gbójú kúrò lára mi. Kò sí pátákó lára ògiri yẹn, kò sí Tóyìn tó máa pè wá síta. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, mo sì sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti ìlà méjì àkọ́kọ́ títí dé aṣọ tó fi jẹ́rìí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo ń sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún mi kò já mọ́ nǹkan kan, èmi fúnra mi gbọ́ bó ṣe dún bí ẹkún olè.

Ìyá Tèmilọlá kò bú mi. Ó jókòó gbọnrangandan, ọwọ́ tí wọ́n wé wà lórí itan rẹ̀. Ó ní, "Dókítà, ṣé màá tún ríran?"

"Rárá, Mọ́mì. Ti ọ̀tún ti lọ tán. Ti òsì ṣì ń rí òjìji. Bí ẹ bá padà sídìí oògùn, ẹ ṣì lè máa mọ ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ àti ìgbà tó ṣú."

Tèmilọlá sáré kúrò lára ògiri. "Mọ́mì, ẹ má gba ọ̀rọ̀ yẹn wọlé. Ẹ sọ pé, mo ríran. Ẹ sọ ọ́."

"Tèmilọlá, dákẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí, kò sì pariwo. Ó tún ní, "Ẹ ṣeun, dókítà."

Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀ nígbà tó pe orúkọ mi.

"Asiata. O ní ìlà méjì ló kọ́kọ́ kù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Ní apá òsì."

"Mo ṣì ń ríran nígbà yẹn." Ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ka nǹkan nínú ara rẹ̀. "Ká ní o pè mí kúrò nídìí oúnjẹ, kí o yí ojú mi síbẹ̀, kí o sì wí fún mi pé, wò ó, kò dáa. Ǹ bá rí i. Mo ní ojú tí ǹ bá fi rí i."

Ó dìde, ó na ọwọ́ rẹ̀ tí kò jóná síwájú pé kí wọ́n mú òun jáde. Mo dìde lórí eékún mi, mo di ọwọ́ náà mú. Ó fi àtàńpàkò rẹ̀ wo ìka mi, ó bá ọ̀rá àbẹ̀là lára rẹ̀, ó sì mọ̀ pé èmi ni. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi. Ó ní kí dókítà jọ̀wọ́, kó wá mú òun dé ẹnu ọ̀nà.